Àgádágodo Méjì Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Ṣọ́ọ̀ṣì

Rio, Libreville
16 oṣù kejì, 2025

Ésékíẹ́lì àbúrò mi,

Sàlámì ni ó ń kọ lẹ́tà yìí fún mi. Òun ló ni ṣọ́ọ̀bù ìṣó àti àgádágodo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti ń ta korobá. Mùsùlùmí ni, kò sí ẹni tó fẹ́ gbè lẹ́yìn nínú ìjọ wa. Ohun tí mo bá sọ ni yóò kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ọ̀rọ̀ dídùn kún un.

Ṣé ara le? Orúnkún ìyàwó rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ mú yín gidi lọ́dún yìí. Ẹ kú ọyẹ́. Má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi pè ọ́ lórí fóònù. Lórí fóònù, bí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ kàn ọ́, o máa ń ní o kò gbọ́ mi mọ́. Lẹ́tà kì í já.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ìjọ Onítẹ̀bọmi wa kékeré ní PK12, lẹ́yìn ìlú, ṣe ìpàdé láti yan alága àwọn díákónì. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Díákónì Ògúnbọ̀dé, tó ń ta páàtì ọkọ̀, ti wà lórí àga yẹn. Pásítọ̀ wa tuntun, Kévin, ọmọ tí wọ́n bí síbí, tí Yorùbá rẹ̀ kò tíì jinná, ló ka ìwé òfin ìjọ, ó sì rí i pé ọdún mẹ́ta mẹ́ta ló yẹ ká máa yan ènìyàn. Ẹnu ya gbogbo wa. Kò sí ẹni tó ti ka ìwé náà rí.

Bí a ṣe ń yan ènìyàn ni pé ẹni tí a fẹ́ yàn á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn tó fẹ́ ẹ á tò sẹ́yìn rẹ̀, akọ̀wé á sì kà wọ́n. Ògúnbọ̀dé dìde, ó lọ sápá ọ̀tún, ó na kóòtù rẹ̀. Kò sí ẹni tó bá a du ipò náà. Ooru wá mú, Ésékíẹ́lì. Ooru ìlú yìí nínú oṣù kejì dà bí ìgbà tí ènìyàn wà nínú ìkòkò ẹ̀kọ. Fáànù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì, apá òsì ló wà. Mo dìde, mo lọ dúró sábẹ́ rẹ̀.

Símilolúwa ọmọ ọmọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ìjọ, rò pé òòyì ń kọ́ mi. Ó sáré wá dì mí mú láti ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin rí i pé ìyá àgbàlagbà dúró, àwọn jókòó. Ojú tì wọ́n, wọ́n wá dúró tì mí. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọn kò gbọ́ Yorùbá dáadáa rí ìlà, wọ́n tò. Kí n tó nu òógùn ojú mi tán, ènìyàn mọ́kànlélógójì ló wà lẹ́yìn mi. Mẹ́tàdínlógún ló wà lẹ́yìn Ògúnbọ̀dé. Ẹ̀yìn mi ni ìyàwó rẹ̀ gan-an wà.

Pásítọ̀ Kévin ní, "Màmá, ẹ ti wọlé."

Mo ní, "Wọ ibo? Afẹ́fẹ́ ni mo wá gbà."

Mo fẹ́ padà lọ jókòó. Àmọ́ Ògúnbọ̀dé wò mí bí ẹni tó bá ewúrẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ojú yẹn ni mo rí tí mo fi ní, "Ó dáa. Mo gbà á."

Èmi tí iṣẹ́ mi láàárín àwọn díákónì kò ju kí n fọ aṣọ tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ. N kò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó jókòó. Ìwọ tí o jẹ́ alága àwọn díákónì ní Ìgbòho láti ọjọ́ pípẹ́, sọ fún mi: kí ni alága ń ṣe gan-an? Mo bi Ògúnbọ̀dé, ó ní Ẹ̀mí ló ń darí òun.

Símilolúwa yóò ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ kejì oṣù kẹjọ, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ Gàbọ́ọ̀nù kan láti Angondjé ni ọkọ. Ó ń ṣiṣẹ́, ó sì ń dákẹ́. N kò béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àtinúkẹ́

*

Ìgbòho
23 oṣù kẹta, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín lórúkọ Olúwa, mo kí yín kú ọjà, mo kí yín kú ìdúró lórílẹ̀-èdè àjèjì. Ara wa le. Orúnkún ìyàwó mi ń ró bí igi gbígbẹ, ṣùgbọ́n ó ń rìn.

Wàsíù, tó máa ń kó ẹrù wá sílé láti ọ̀dọ̀ yín, mú lẹ́tà yín dé. Ìdúró ni mo fi kà á, n kò lè jókòó. Kí tiyín tó dé ni Díákónì Ògúnbọ̀dé ti pè mí. Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin náà sunkún. Ó ní ẹ gba ìjókòó òun nítorí fáànù.

Ipò nínú ìjọ kì í ṣe àpótí tí a ń gbé kiri. Ní ìjọ Òkè-Ayọ̀ níbí, láti ọdún 2009 tí mo ti di alága, kò sí ẹnikẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀rí pé mò ń ṣe é dáadáa. Ẹ bi mí pé kí ni alága ń ṣe. Alága ń jókòó síwájú. Bí ìjà bá dé, á ní kí a gbàdúrà. Bí wọ́n bá béèrè ọ̀rọ̀ tó le, á ní ìgbìmọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Iṣẹ́ náà nìyẹn, ó sì ń gba agbára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá Ògúnbọ̀dé, ẹ tọrọ àforíjì, ẹ dá àga padà fún un. Obìnrin tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin yẹ kó ti máa sinmi.

Ẹ bá mi wá bàtà dúdú kan, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì, irú èyí tó ń dán. Iwájú ni mo ń jókòó sí, ẹsẹ̀ mi sì ni gbogbo ìjọ ń wò. Ẹ kí Símilolúwa. Ẹ bá mi sọ fún Sàlámì pé ìkọ̀wé rẹ̀ dára, àmọ́ kó máa tún ọ̀rọ̀ yín ṣe díẹ̀ kó tó kọ ọ́.

Àbúrò yín nínú Olúwa àti nínú ẹ̀jẹ̀,
Ésékíẹ́lì Ọ̀jẹ́dìran, Alága

*

Rio, Libreville
24 oṣù kẹrin, 2025

Ésékíẹ́lì,

Sàlámì náà ló ń kọ ọ́. Ó ka ibi tí o ti ní kó tún ọ̀rọ̀ mi ṣe, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní bó bá dán an wò, n kò ní bá a ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mọ́ nígbà tó bá lọ kírun.

Ẹ kú ọdún Àjíǹde. Ṣé ẹ jẹun? Ó dáa.

N kò dá àga padà. N kò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin tó sunkún nítorí ìjókòó. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tí alága ń ṣe fún mi, èmi fúnra mi wá iṣẹ́ kan fún un. Mo ní láti oṣù kẹta lọ, lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù, ẹni tó bá ní ipò yóò dìde, yóò sọ ohun mẹ́ta: ohun tí ìjọ ní kó ṣe, èyí tó ṣe, àti èyí tí kò ṣe. Kò gbọdọ̀ fi "nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run" bẹ̀rẹ̀. Oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run ti jíhìn tirẹ̀ tipẹ́.

Olórí akọrin ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run, à ń tẹ̀ síwájú."

Mo ní, "Orin tuntun mélòó lẹ kọ́ láti ọdún Kérésì?"

Ó wolẹ̀. Mo ní kó jókòó. Olórí Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní òun kò tíì kọ́ àwọn ọmọdé láti oṣù kejìlá, ìwé kò tíì dé. Símilolúwa ní ìwé ti dé, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ìkòkò òdòdó lé. Pásítọ̀ Kévin dìde fúnra rẹ̀, n kò tilẹ̀ pè é. Ó ní ìjọ ní kí òun máa bẹ àwọn aláìsàn wò. Òun bẹ ẹni méjì wò. Òun kò bẹ ẹni márùn-ún wò, nítorí pé... Ó ní kò sí nítorí pé. Ó jókòó. Mo fẹ́ràn ọmọ náà láti ọjọ́ yẹn.

Ó wá kan Ògúnbọ̀dé. Mo ní, "Díákónì, kí ni iṣẹ́ rẹ?"

Ó ní, "Mò ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Màmá."

Mo ní, "Lọ́dún tó kọjá tí o gbé e lọ sí ìlú Oyem, níbo la ti sọ ọmọ tuntun lórúkọ?"

Ẹ̀gbẹ́ títì ni a ti sọ ọ́ lórúkọ, Ésékíẹ́lì. Ọkọ̀ akẹ́rù fọn fèrè lé orúkọ náà lórí. Títí dòní ni bàbá ọmọ náà kò mọ èyí tí wọ́n pè kẹ́yìn.

Mo ní kó kó kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ní pásítọ̀ àtijọ́, olóògbé, ló fi lé òun lọ́wọ́, ọwọ́ òun ló sì fi lé, kì í ṣe orí àga. Ó ní bí mo bá ti gba àga, kí n máa gbádùn àga.

Èmi náà lọ ra àgádágodo lọ́wọ́ Sàlámì. Ó tó orí ọmọ ọwọ́. Ó búra pé kò sí ayùn tó lè gé e láyé yìí. Mo ní kí káfíńtà kan irin mìíràn mọ́ ilẹ̀kùn, mo fi tèmi kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ògúnbọ̀dé. Bí òun kò bá sí níbẹ̀, n kò lè wọlé. Bí n kò bá sí níbẹ̀, òun náà yóò dúró síta.

Lọ́jọ́ Àìkú àkọ́kọ́, àwa méjèèjì dé, kò sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ ṣí tirẹ̀. Ìjọ kọ orin mẹ́rin lórí ìdúró. Nígbà tó yá, Pásítọ̀ ka ení, èjì, ẹ̀ta ní Faransé, "Un, deux, trois," a sì yí kọ́kọ́rọ́ pọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìsìn kì í pẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ògúnbọ̀dé kò fẹ́ kí n ṣáájú òun dé, n kò sì fẹ́ kó dúró dè mí. Angèle, ìyá ọkọ Símilolúwa, wá wo ibi tí ìgbéyàwó yóò ti wáyé. Ó wo ilẹ̀kùn títí. Ó ní, "Maman, ṣé góòlù lẹ kó síbẹ̀ ni?"

Ìwọ ńkọ́? O ní ẹnikẹ́ni kò bi ọ́ léèrè láti 2009. Èmi bi ọ́. Ìgbà wo ni ẹ ṣe ìpàdé ìjọ kẹ́yìn? Kọ ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Bàtà rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Bí ọjọ́ náà bá dé, bàtà yóò wá.

Àtinúkẹ́

*

Ìgbòho
15 oṣù kẹfà, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, a ti gbin àgbàdo.

Nípa ìbéèrè yín lórí ìpàdé ìjọ, ìgbìmọ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ náà. Ọ̀kan ti sùn nínú Olúwa, ọ̀kan ti kó lọ sí Ìlọrin, èmi ni mo kù, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò. A ti pinnu tipẹ́ pé a ó ṣe ìpàdé nígbà tí a bá parí òrùlé. Òrùlé ló ń dá wa dúró.

Ẹ̀gbọ́n, àgádágodo méjì lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run kò dára létí. Bí ẹ bá ń bi gbogbo ènìyàn léèrè bẹ́ẹ̀, ẹ rántí pé ọjọ́ ìbéèrè tiyín náà ń bọ̀. N kò ní lè wá síbi ìgbéyàwó, àmọ́ àdúrà mi ti wà lọ́nà.

Ẹ fi bàtà náà ránṣẹ́. Èyí tí mò ń wọ̀ ti ya ẹnu bí ọ̀pọ̀lọ́.

Ésékíẹ́lì

*

Ìgbòho
24 oṣù kẹjọ, 2025

Ẹ̀gbọ́n mi,

Láti oṣù kẹrin ni n kò ti rí lẹ́tà yín. Ẹ kò kọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ránṣẹ́, ẹ kò fi àwòrán kan ránṣẹ́. Mo pè yín, Sàlámì ló gbé e, ó ní ẹ ní ẹ kò sí nílé. Mo sì ń gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn rẹ̀.

Díákónì Ògúnbọ̀dé pè mí. Kò sunkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn ní, "Bàbá Alága, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn," ó sì rẹ́rìn-ín títí káàdì rẹ̀ fi tán.

Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn? Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí ènìyàn sọ ohun tó ṣe àti èyí tí kò ṣe. Mò ń retí tiyín. Ìyàwó mi náà ń retí. Ó tilẹ̀ ń retí ju mí lọ.

Ésékíẹ́lì

*

Rio, Libreville
7 oṣù kẹsàn-án, 2025

Ésékíẹ́lì,

Sàlámì ló ń kọ èyí pẹ̀lú, àmọ́ inú rẹ̀ kò dùn. Wàá rí ìdí rẹ̀.

Kí ìyàwó rẹ má bínú. Mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé, n kò ní parọ́ pé ọjà ló dí mi lọ́wọ́. Ojú ló ń tì mí. Ó ti tán báyìí.

Etí ìró ni mo máa ń so kọ́kọ́rọ́ mi mọ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, mo wọ léèsì. Ìró ojoojúmọ́ wà nínú korobá ọṣẹ ní Rio, kọ́kọ́rọ́ wà létí ìró, èmi sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní PK12, mò ń tú gèlè orí mi wò bí ẹni pé ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ ń sùn.

Ògúnbọ̀dé ti débẹ̀ láti aago méje, pẹ̀lú kóòtù funfun. Ó ṣí tirẹ̀, ó gbé e dání, ó káwọ́ lẹ́rán. Kò bú mi. Ì bá ti bú mi, ì bá sàn. Ó kàn ní, "Alága, ó ku tiyín."

Ọkọ̀ ìyàwó dé. Angèle àti àwọn èèyàn rẹ̀ dé láti Angondjé, ọkọ̀ méjìlá. Ta ni yóò lọ sí Rio kó tó padà? Wákàtí méjì ni sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ gbà lọ́wọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ náà. Símilolúwa yọ orí láti inú ọkọ̀, ó ní, "Màmá Àgbà, kí lẹ̀ ń dúró dè?"

Mo fi gèlè bo ojú. Èmi, Àtinúkẹ́.

Sàlámì wà níbẹ̀, nínú agbádá búlúù. Gbogbo ojú yí sí i, nítorí mo ti fi àgádágodo rẹ̀ yangàn káàkiri ìjọ. Ògúnbọ̀dé rán ènìyàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù páàtì tirẹ̀ tó wà nítòsí lọ mú ayùn irin wá, àmọ́ ó ní òun kò ní fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní òun fọ́ ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run. Sàlámì ká agbádá sí èjìká, ó gba ayùn. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ orin tuntun tí wọ́n ti wá kọ́, wọ́n rò pé yóò tó wákàtí kan. Wọn kò tíì parí ẹsẹ kejì tí àgádágodo tí kò sí ayùn tó lè gé e láyé yìí fi bọ́ sílẹ̀ bí iṣu tó jinná.

Sàlámì ní òun kò ní kọ ìyẹn. Mo ní kó kọ ọ́. Ó ní irin ọdún yìí ni kò dára. Mo ní kó kọ ìyẹn náà. Ó ti kọ méjèèjì.

Ìgbéyàwó parí dáadáa, ìyàwó sì rẹwà. Àmọ́ Símilolúwa kò bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbé e lọ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè kọ̀wé sí ọ.

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù dé. Símilolúwa dìde nídìí tábìlì akọ̀wé, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n: "Ìjíhìn Alága."

Mo dìde. Mo la ẹnu, ohun tó jáde ni, "Nípa oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run..."

Ariwo ta! Olórí akọrin fò sókè, ó ní, "Màmá, kọ́kọ́rọ́ mélòó?" Pásítọ̀ Kévin bo ojú rẹ̀. Ògúnbọ̀dé rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń lù ú lẹ́yìn.

Mo jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Mo wá sọ ọ́. Mo ní, "Ẹ ní kí n ṣe alága. Ọjọ́ Àìkú mẹ́tàdínlógún ni mo ṣí ilẹ̀kùn yìí, n kò pẹ́ rí. Lọ́jọ́ tí ọmọ tiwa wọ aṣọ funfun, n kò ṣí i. Àgádágodo tí mo fi kọ́ síbẹ̀, n kò bi yín kí n tó fi kọ́ ọ. Ìbínú ni mo fi kọ́ ọ. Símilolúwa, mo fi ọ́ sílẹ̀ síta. Kò sí nítorí pé."

Símilolúwa ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Ó ní, "A ti gbọ́, Màmá Àgbà. Ẹ jókòó."

Mo ní n kò jókòó. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́ gba àga, kí wọ́n gbà á lójú mi. Pásítọ̀ ní kí a tún un tò. Ó kọ́kọ́ lọ pa fáànù, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní afẹ́fẹ́ ló yan ènìyàn. Mo lọ sápá òsì, Ògúnbọ̀dé lọ sápá ọ̀tún. Ẹni mẹ́rìndínlógójì ló wà lẹ́yìn mi, mọ́kànlélógún lẹ́yìn tirẹ̀. Ó fi mẹ́rin pọ̀ sí i, ó ń yọ̀ bí ẹni tó wọlé. Ìyàwó rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn mi. Símilolúwa kò tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ó ní akọ̀wé kì í tò. Ó dùn mí díẹ̀. Ó tọ́.

Ògúnbọ̀dé fúnra rẹ̀ ló wá ní kí àgádágodo méjì máa wà níbẹ̀. Ó ní ọdún mọ́kàndínlógún ni òun fi ń pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìjọ gbà, àmọ́ kọ́kọ́rọ́ kejì ti àgádágodo méjèèjì yóò wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Wọ́n tún ní kí n má ra èyí tuntun lọ́wọ́ Sàlámì. Ó ti kọ ìyẹn náà.

Ó wá kàn ọ́.

Bàtà rẹ wà nínú ẹrù Wàsíù, nọ́ńbà mẹ́rìnlélógójì, ó ń dán. Wọ̀ ọ́ lọ síwájú ìjọ, kí o dìde dúró nínú rẹ̀, kí o sọ ohun mẹ́ta. Òrùlé kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀. Èmi sọ tèmi, n kò kú. Kí o má bàa ní lẹ́tà yìí sọnù, Sàlámì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì wà lọ́wọ́ Wàsíù fún Alága Ẹgbẹ́ Obìnrin ìjọ yín. Mo ní kó kà á sókè lọ́jọ́ Àìkú tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tó bá gbà á. Wàsíù sì máa ń kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Nítorí náà, sọ fún ìyàwó rẹ lónìí, kó má bàa jẹ́ inú ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀, sọ fún akọ̀wé ìjọ yín, kó wá ìwé àti gègé, kó sì wá ọjọ́ tí ẹ ṣe ìpàdé kẹ́yìn, bó bá lè rí i. Pe ẹni ìgbìmọ̀ tó kó lọ sí Ìlọrin, kó wọkọ̀. Àwọn díákónì yòókù, má sọ fún wọn títí wọn yóò fi jókòó tán, tí ẹnìkan yóò sì ti ilẹ̀kùn.

Àtinúkẹ́